Ọ̀kadà Àtijọ́ Tó Ń Kú Tó Ń Jí Lẹ́yìn Omíyalé: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀



Fún ilé púpọ̀, ọ̀kadà kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Òun ni wọ́n fi ń gbé èrò, òun ni wọ́n fi ń ru ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé tó ti wá jìnnà sí ibi tí ẹ sá sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti dàgbà. Irú Honda CG125, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1976, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ọ̀kadà tó wọ omi, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà, tí yóò tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Àbíkú ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀: bí mẹkáníìkì bá dé, kò ní bá a níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé a ó máa ra ẹ̀yà tuntun, púlọ́ọ̀gì lónìí, kọ́ìlì lọ́la, CDI lọ́túnla, títí owó ìrànwọ́ tó yẹ kó ra páànù òrùlé yóò fi tán. Ẹlòmíràn á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, nígbà tó jẹ́ pé omi tí kò kún ṣíbí ló wà nídìí táńkì.

Kí ẹ tó kíìkì rẹ̀

Ẹ yọ igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kí ẹ wò ó. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sí kòtò tàbí odò. Ẹ fi tuntun sí i (CG125 ń gba bíi líítà kan), ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìdúró, kí ẹ tún wò ó. Bó bá tún funfun, ẹ tún un pààrọ̀. Ní ti Suzuki AX100 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, táńkì ọ́ìlì wà lọ́tọ̀, ọ́ìlì jíà wà lọ́tọ̀. Ẹ wo méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ tó tú u

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, iná púlọ́ọ̀gì, àti kí písítìnnì lè fún àdàlù náà pọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta kì í sábà lọ kó tún padà. Epo àti iná ló ń wá tó ń lọ.

Bó bá kú lójijì, bí ìgbà tí èèyàn yí kọ́kọ́rọ́ pa, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná. Bó bá ń wúkọ́, tí agbára rẹ̀ ń dínkù kó tó kú, ẹ kọ́kọ́ fura sí epo. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, àmọ́ ó ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó rìn kó tó kú, bóyá òkè ló ń gùn, bóyá òjò ń rọ̀, àti bó ṣe sinmi pẹ́ tó kó tó jí. Níbi tó bá ti kú gan-an ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e kúrò lójú títì, kí ẹ sì ṣe é kíákíá, torí bó bá tutù, ẹ̀rí ti lọ.

Ní ti epo

1. Ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé fùù, tí ọ̀kadà sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré inú ìdérí ni ẹrẹ̀ dí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, epo kò lè sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti omi ọṣẹ ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dé e padà.

2. Ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, kí ẹ fi ìgò tó mọ́ gaara gbe epo rẹ̀. Bí epo kò bá ṣàn dáadáa, ọ̀nà rẹ̀ dí: ẹ wo táàpù epo, rọ́bà àti sẹ́ẹ̀fù rẹ̀. Bó bá ṣàn, ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ kó rọlẹ̀. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa wà, ẹ ó sì rí ìlà tó pín wọn. Èyí ló fà á tí àìsàn náà fi ń wá tó ń lọ: ní ọ̀nà tó tẹ́jú, omi wà ní kọ̀rọ̀ táńkì, bí ẹ bá gun òkè tàbí tí ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún dé ẹnu táàpù.

3. Bí ẹ bá rí omi, kábúrétọ̀ nìkan kò tó. Ẹ tú gbogbo epo táńkì jáde, kí ẹ sì fọ táàpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò padà wá.

Ní ti iná

1. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi àkísà dí ihò rẹ̀, kí ẹ gbé epo jìnnà. Ẹ ti púlọ́ọ̀gì bọ fìlà rẹ̀ padà, ẹ fi ara irin rẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ di fìlà náà mú pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ nípọn, kí ẹnì kan kíìkì. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń dún ta-ta dára. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò sí rárá, kò dára. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì CG125 jẹ́ 0.6 sí 0.7 mílímítà.

2. Ẹ yọ fìlà púlọ́ọ̀gì. Bí orí wáyà bá ti dípẹtà, ẹ gé díẹ̀ kúrò, kí ẹ wé e padà kó le. Lálẹ́, nínú òkùnkùn, ẹ wo wáyà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá ń fò láti ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

3. Ẹ wo gbogbo ìsopọ̀ wáyà àti swíìṣì kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ń yí ọwọ́ ọ̀kadà sọ́tùn-ún sósì lórí ìdúró, tó sì kú, wáyà kan ń já níbẹ̀.

4. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná nìkan ló ń kú, tí iná sì pòórá, tó tún padà nígbà tó tutù, kọ́ìlì ni a ó fura sí, tàbí CDI. Lára àwọn tó dàgbà gan-an, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo kọ́ńtáàtì àti kọ̀ǹdẹ́ńsà. Ẹ yá ti elòmíràn dán wò kí ẹ tó ra tuntun. Ẹ má sáré ra bátìrì: ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀kadà wọ̀nyí kì í fi bátìrì tan iná púlọ́ọ̀gì.

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹ ṣe àtúnṣe kan, ẹ gùn ún, ẹ kọ èsì sílẹ̀, kí ẹ tó ṣe òmíràn. Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀, tó sì dára, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó, owó méjì lè ti ṣòfò. Bó bá jí fún ọjọ́ kan, ẹ má tíì yọ̀: ẹ gbé e gba ojú ọ̀nà tó máa ń kú sí tẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀

Ẹ má tú epo nítòsí àdògán, sìgá tàbí àbẹ́là, ẹ má sì fi ẹnu fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú yàrá tàbí àgọ́. Èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó ń kìlọ̀. Títí ẹ ó fi rí ìdí àìsàn náà, ẹ má gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹ má sì gbé e lọ sí ọ̀nà márosẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò yanjú, tàbí tí ẹ gbọ́ ariwo irin nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì tó mọ ìgbà tí ọ̀kadà ń kú àti ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò kò ní tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó rí i, owó iṣẹ́ rẹ̀ á sì dín. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ, kó wá sí tábìlì tó ti gba ìwé yìí; a ó bá a kọ ọ́.