Àtàǹpàkò Ọmọ Kì í Ṣe Ẹ̀ka Ìrókò

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí òwe yìí ń sọ, mi ò sì ní fi àlàyé rẹ̀ gba àkókò yín. Ohun tí mo rí tí wọ́n fi òwe náà ṣe ló mú mi kọ̀wé.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni. Ọmọ ọdún méjì jókòó sórí ẹní, àtàǹpàkò ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, oorun ń kùn ún. Ìyá àgbà kan fa ọwọ́ náà yọ, ó kì í bọ inú abọ́ ata lílọ̀, ó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Igbe tó ké kò jẹ́ ká gbọ́ orúkọ ọmọ tuntun mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró lẹ́bàá ògiri, òun náà ń mu àtàǹpàkò tirẹ̀. Eyín òkè ti yọ síta, ètè méjèèjì kò pàdé. Mo bi ìyá wọn bóyá wọ́n ti mú ìyẹn lọ rí dókítà eyín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ́ ọn lára. Apá ò ká a mọ́."

Inú bí mi, ó sì ń bí mi di òní. Wọ́n fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, wọ́n pa ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ tì, òwe kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi gbe méjèèjì lẹ́yìn. Nípa ẹ̀kọ́ ilé, mo fara mọ́ òwe náà. Lórí ìka tí ọmọ ń mu, ó ṣì wá lọ́nà lápá méjèèjì.

Mímu nǹkan jẹ́ ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọmọ. Àwòrán síkáànù ti fi hàn pé ọmọ a máa mu àtàǹpàkò látinú oyún. Bí wọ́n bá bí i tán, òun ló fi ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún, òun ló sì fi ń wá oorun. Púpọ̀ nínú wọn á fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin, láìsí ata, láìsí ewúro, láìsí pàṣán. Àwa nìkan kọ́ ni ìka ọmọ ń dẹ́rù bà: lọ́dún 1845, Heinrich Hoffmann, dókítà kan ní Jámánì, tẹ ìwé ọmọdé kan jáde tí télọ̀ ti fi àlùmọ́gàjí gé àtàǹpàkò méjèèjì kúrò lọ́wọ́ ọmọ tó ń mu ún. Ìwà ìkà ni, ata ojú náà sì jẹ́ ìkà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn gan-an ló yẹ ká dìde sí. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín àgbà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ibi tí ahọ́n ń sinmi sí ni àjà ẹnu. Ahọ́n ló ń ti àjà náà gbòòrò bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń fún un wọlé. Bí àtàǹpàkò bá gba ibẹ̀, ahọ́n á já sísàlẹ̀, àjà ẹnu á há, á sì ga sókè. Eyín òkè á yọ síwájú, ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, àlàfo á wà láàárín wọn débi pé ọmọ ò ní lè fi eyín iwájú gé ẹran. Bó bá ń gbé itọ́ mì, ahọ́n á máa yọ sínú àlàfo náà. Bó bá ń pe orúkọ bíi Sùúrù, atẹ́gùn á máa tú jáde.

Ìdí nìyí tí yíyọ ìka nìkan kì í fi í tó. Ahọ́n àti ètè ti kọ́ àṣà mìíràn, a sì ní láti tún wọn kọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú iṣan ẹnu nìyẹn, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti 1918 ni Alfred Rogers, dókítà eyín ní Boston, ti kọ̀wé lórí eré ìdárayá fún iṣan ojú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá imú ọmọ là. Bó bá ń hanrun, tó ń fi ẹnu mí, dókítà imú ni kó kọ́kọ́ rí, torí ẹni tí imú rẹ̀ dí kò lè pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ níwájú dígí. Kó gbé ṣóńṣó ahọ́n lé erìgì ẹ̀yìn eyín òkè, níbi tí ahọ́n ń kàn bí a bá pe "la", kó pa ètè dé, kó máa fi imú mí. Kó lẹ gbogbo ahọ́n mọ́ àjà ẹnu, kó ta á kó dún. Kó fi ètè nìkan, láìfi eyín kàn án, di igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ áísíkiriìmù mú, kí ẹ máa ka òǹkà fún un. Kó bu omi díẹ̀ sẹ́nu, kó pa eyín ẹ̀yìn pọ̀, kó gbé e mì láìjẹ́ kí ahọ́n ti eyín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lálẹ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tó gbọ́ràn, tó sì fẹ́ jáwọ́ fúnra rẹ̀, ni èyí wà fún. Ẹ má dán an wò fún ọmọ ọdún méjì.

Ní ti ọwọ́, ẹ ṣọ́ ìgbà tí ìka ń wọ ẹnu: ṣé nídìí tẹlifíṣọ̀n ni, àbí bí oorun bá ń kùn ún? Ẹ fún ọwọ́ náà ní nǹkan dì mú nígbà yẹn. Lálẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ wé bándéèjì mọ́ ìka tàbí kó wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ fi àmì sí kàlẹ́ńdà fún gbogbo ọjọ́ tí kò mu ún, kí ẹ sì yìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọmọ-ọmú lójú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rí ìṣègùn, tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2015 rí i pé ìyìn àti ẹ̀bùn ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára púpọ̀.

Mi ò sọ pé ìdárayá nìkan á to eyín. Bí àjà ẹnu bá ti há jù, ó lè gba pé kí dókítà eyín fi wáyà sí i. Bí ọmọ yín bá ti kọjá ọdún mẹ́rin tó ṣì ń mu àtàǹpàkò, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà, tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀; wọ́n ń tọ́jú eyín ọmọdé níbẹ̀.