Eyín Kan Ṣoṣo Yẹn Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé ọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá, ọ̀rọ̀ àwa arúgbó ni. Ẹ wo ẹnu ara yín dáadáa. Láti Ìbàfò dé Mówè, títí kan Ìfọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tí ọ̀kadà ti gbé ṣubú, tí wọ́n fi ẹnu gbá títì, kò kéré. Bọ́ọ̀lù ló gba ti ẹlòmíràn. Ti ẹlòmíràn, ṣúgà àti àìfọnu lálẹ́ ló jẹ ẹ́ tán láti ìdí. Kí n má tíì wá dárúkọ òkúta inú ìrẹsì. Àwa tí a ń gbé nítòsí Ọ̀fàdà gan-an, níbi tí ìrẹsì yẹn ti gba orúkọ, a mọ̀ pé ìrẹsì tí wọ́n sá sórí ilẹ̀, tí ẹni tó sè é kò fara balẹ̀ ṣà, eyín ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò bá a ṣà á.

Eyín méjìlélọ́gbọ̀n ló ń pé sí ẹnu àgbà. Bí ọ̀kan bá kán níwájú, ojú ni í kọ́kọ́ tini. A ó máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, a ó sì máa wá ẹni tí yóò bá wa dí àlàfo náà kíákíá. Ìkánjú yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀rù eyín bàbá àgbà tó kún ẹnu bámúbámú kọ́ ló ń bà mí. Èyí tó kéré jù ni: eyín kan lórí pátákó rọ́bà pẹlẹbẹ, tí kò ní ìkọ́ kankan, tó kàn lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Òun ló rọrùn láti gbé mì.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH Ìbàdàn tàbí ní LUTH Ìdí-Àràbà. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé, bí owó onírin ṣe ń há sí ọmọdé lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ni eegun ẹja àti eyín àtọwọ́dá ń há sí àgbàlagbà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Ènìyàn sùn tòun ti eyín lẹ́nu. Tàbí ìkọ́ ti kán tipẹ́, pátákó ti sán, ahọ́n ló fi ń dì í mú, ó sì ń jẹun, ó ń tàkúrọ̀sọ. Òkèlè kan báyìí, eyín ti bá a lọ. Rọ́bà ti bo àjà ẹnu tó yẹ kó fura, nítorí náà kì í tètè mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nínú òkèlè náà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀bà lé e bí a ti máa ń lé eegun ẹja. Etí pátákó náà mú, bí ó bá sì ní ìkọ́ irin, ìyẹn tún mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ya ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi èébì gbé e jáde. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé eyín ni ẹ gbé mì. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe é kì í hàn nínú fọ́tò ẹ̀sìréè. Bí kò bá ní irin lára, fọ́tò lè mọ́ kedere kí eyín sì wà lọ́fun síbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan, tí itọ́ ṣì ń ṣòroó gbé mì, ẹ má padà sílé. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun náà.

Ta ló wá yẹ kó ṣe eyín fún yín? Dókítà eyín ni yóò yẹ ẹnu wò, tí yóò sì wọ̀n ọ́n. Onímọ̀ ẹ̀rọ eyín ni yóò ṣe é. Àwọn méjèèjì ló ní ìwé àṣẹ: Medical and Dental Council of Nigeria ló ń fún dókítà ní tirẹ̀, Dental Technologists Registration Board sì ń fún ẹnì kejì. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀, owó yín ni, ẹnu yín sì ni. Ẹni tó bá ní òun yóò po ìyẹ̀fun àti omi rọ́bà, tí yóò rọ ọ́ sáàárín eyín yín méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó ní "èyí kì í yọ mọ́", ẹ sá fún un. Lóòótọ́ ni kò ní í yọ. Oúnjẹ yóò máa rà lábẹ́ rẹ̀, ẹran ìdí eyín yóò wú, àwọn eyín gidi tó fi tì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹni tó wá tìtorí eyín kan yóò pàdánù mẹ́ta. Ará Ìfọ̀ lè gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà. Ẹni tó wà ní Mówè tàbí Ìbàfò, LUTH wà níwájú rẹ̀, UCH wà lẹ́yìn rẹ̀, òpópónà kan náà ló já sí ìlú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun náà, mo gbọ́ pé ẹ ń ra eyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ìyá yín. Eyín kì í ṣe fìlà tí a lè báni rà láì rí orí ẹni. Owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Nínú èyí tí à ń yọ lálẹ́, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ti rọ́bà líle tí wọ́n ń pè ní acrylic ti wà láti àwọn ọdún 1930. Òun ló dínwó jù, wọ́n lè tún un ṣe bí ó bá kán, wọ́n sì lè fi eyín mìíràn kún un. Òun lèmi ń lò. Èyí tó rọ̀, tí ìkọ́ rẹ̀ jọ àwọ̀ ẹran ìdí eyín, ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, torí pé irin kì í hàn bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Mi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ bí ó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ ń ṣòro. Ti irin, cobalt àti chromium, wọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, ó lágbára, ènìyàn a sì mọ̀ bóyá ẹ̀kọ gbóná tàbí ó tutù. Èyí tí wọ́n ń rì mọ́ eegun àgbọ̀n, tí Brånemark ará Sweden kọ́kọ́ ṣe fún aláìsàn ní 1965, dára gan-an. Owó rẹ̀ nìkan ni ọ̀ràn. Tèmi ni pé ọmọ ogún ọdún tí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yè kooro kò gbọdọ̀ kánjú jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wọn, kí wọ́n lè gbé eyín tí kì í yọ lé wọn lórí, nítorí àtidí àlàfo kan. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń yọ, tó ní ìkọ́ tó mú dáadáa.

Ẹ má sì fojú tín-ín-rín èyí tí agbára yín ká. Nígbà tí wọ́n búra fún George Washington gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1789, eyín tirẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu. Òjé, eyín erinmi àti eyín ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ohun tó ń wọ̀, ó sì ń ni ín lára títí. Èyí tí wọn yóò ṣe fún yín ní Ìdí-Abà sàn jù ú lọ fíìfíì.

Kí wọ́n tó parí iṣẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ fi ìda tò ó fún yín láti dán wò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín níwájú díńgí, ẹ ka iye láti ogójì dé àádọ́ta sókè. Ẹ má yan funfun báláú tí kò bá ìyókù mu. Ẹni tó bí yín pẹ̀lú èèjí kò ní í fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nù: ẹ mú fọ́tò àtijọ́ dání, onímọ̀ ẹ̀rọ lè tò ó kí èèjí náà wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ara kò ní í gbà á. Ahọ́n àti eyín tó ti jọ ń gbé látọjọ́ aláyé ń jà, ańbọ̀sì èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ ẹ̀kọ, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá ha yín lára, ẹ má gbé fáìlì sí i, ẹ sì má fi gúlúù lẹ èyí tó kán. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú kó lè rí ojú egbò náà.

Lálẹ́, ẹ yọ ọ́. Àwọn oníwàádìí ní Japan tẹ̀lé 524 àgbàlagbà tó ti tó ọdún 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì sọ lọ́dún 2015 pé àwọn tó ń sùn pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá lẹ́nu ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ìlọ́po méjì àwọn tó ń yọ ọ́. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lórí abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀, kó má baà fọ́ bí ó bá já bọ́. Omi gbígbóná yóò ká a kò, éédú yóò ha á, Hypo yóò ba irin rẹ̀ jẹ́. Ẹ rì í sínú omi tútù nínú ife tó ní ìdérí, torí ajá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín gidi tó kù, ẹ ra ẹran ìdí eyín àti ahọ́n pẹ̀lú. Ní òde àríyá, ẹ má fi tíṣù wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Àwọn tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ ti da eyín olówó iyebíye nù rí.

Ẹni tó bá ní pátákó kékeré yẹn lẹ́nu nínú yín, kó yọ ọ́ lálẹ́ òní, kó yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí iná mọ́lẹ̀ sí. Bí ìkọ́ kan bá ti kán, bí ó bá ti sán, tàbí bí ó bá ń yẹ̀ nígbà tí ẹ bá wúkọ́, ẹ má dá a padà sẹ́nu mọ́. Ẹ lọ rí dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí.