Wọ́n Gé Àpòlúkù Mi Kúrú: Kí Ló Wá Kan Ẹsẹ̀ Mi?

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn gan-an tí wọ́n bá ní ó ṣe iṣẹ́ abẹ torí sísanra. Wọ́n ti ṣe é fún mi, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Òkè kẹta ni mò ń gbé ní Festac, nínú ọ̀kan lára àwọn búlọ́ọ̀kù tí ìjọba kọ́ nítorí àwọn àlejò FESTAC ’77. Kò sí lífítì níbẹ̀. Ní 2021, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró sinmi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mi. Tí mo bá gbúròó aládùúgbò tó ń sọ̀kalẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n má baà mọ̀ pé èémí ni mò ń wá.

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí 23 Road. Téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà kò yí ìdí mi ká mọ́. Ìyẹn ń dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé mi dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá mi ni. Àtọ̀gbẹ ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi kú. Èmi náà ti ń lo metformin fún ọdún méje, síbẹ̀ ṣúgà mi ṣì máa ń ga láàárọ̀ kí n tó fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ fi metformin yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín èyí tó bá jáde. Kílò 128 ni mí nígbà yẹn, gíga mi jẹ́ mítà 1.63. Tí a bá fi 1.63 pín 128, ó di 78.5, tí a bá tún fi 1.63 pín ìyẹn, ó di 48. Òun ni BMI. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ti ń pè é ní sísanra jù. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé iṣẹ́ abẹ tọ́ sí ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ sísanra gbé e wálẹ̀ sí 35, àti 30 fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. BMI kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan o. Ẹni tó ń gbé irin lè ní BMI gíga láìsanra. Tèmi kì í ṣe irin.

Ebi tí kì í gbọ́ ìwàásù

Gbogbo èèyàn ló ní kí n dín ẹ̀bà kù. Mo dín in kù. Ní 2018, kùtùkùtù ni mo máa ń rìn láti ilé dé First Gate, màá tún rìn padà. Mo jò, kílò mẹ́tàdínlógún lọ láàárín oṣù márùn-ún. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, kílò mọ́kànlélógún ti padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀kánjúwà ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé àpòlúkù wa ń sọ̀rọ̀. Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní Japan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, rí họ́mónù kan tí wọ́n sọ ní ghrelin. Apá òkè àpòlúkù ló ti ń wá jù. Ó máa ń gòkè kí a tó jẹun, á ní kí ọpọlọ wá oúnjẹ. Tí a bá ti jẹun, á lọ sílẹ̀. Ní 2002, David Cummings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn ghrelin àwọn tó ṣọ́ oúnjẹ jẹ títí wọ́n fi jò. Ńṣe ló ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ara ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyàn ti dé. Á fi ebi lé yín, á sì dín agbára tó ń jó kù, bí ẹni tó rí i pé epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán tó wá lọ pa fìríìjì. Àmọ́ lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní gastric bypass, ghrelin wálẹ̀ gan-an.

Tíì tí wọ́n ń polówó lórí Instagram pé ó ń fọ ikùn ńkọ́? Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ń múni yàgbẹ́ ni. Omi ara lẹ ń yà dànù, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Apá aṣọ

Edward Mason ní yunifásítì Iowa ló bẹ̀rẹ̀ gastric bypass ní 1966. Ó ti kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n gé lára àpòlúkù wọn torí ọgbẹ́ inú máa ń jò. Tèmi kì í ṣe bypass, sleeve ni. Orúkọ yẹn ò ṣàjèjì sí aránṣọ: apá aṣọ ni. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, wọ́n fi pín-ìn-nì wẹ́wẹ́ rán etí rẹ̀ pa, èyí tó kù wá rí gbọọrọ bí apá bùbá. Ibi tí ghrelin ti ń wá jù lọ wà lára èyí tí wọ́n gé. Àpòlúkù tó lè gba bíi lítà kan tẹ́lẹ̀, èyí tó kù kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta pure water kan.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù.

“Ṣé Ẹni tó fi í síbẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe ni?”

Mo ní, “Mà, ẹ rántí ẹsẹ̀ Dádì.”

Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ránṣẹ́. Ilẹ̀ tí mo rà lọ́nà Àgbádárìgì ni mo tà san ìyókù. Àwọn oníbàárà mi, mo ní fibroid ni mo fẹ́ lọ yọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn ò jẹ́ kí n jẹ ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra máa ń wú, ó sì bo àpòlúkù mọ́lẹ̀. Oúnjẹ yẹn ló ń jẹ́ kó sún kì kí dókítà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ní Oṣù Kejì 2022, wọ́n lu ihò kéékèèké márùn-ún sí mi níkùn, wọ́n fẹ́ gáàsì sínú rẹ̀ kó lè wú sókè, wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ. Gáàsì tó ṣẹ́ kù ló ń yọ pátákó ẹran tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu, iṣan ìmọ̀lára tibẹ̀ àti ti èjìká sì jọ wọ ọpọlọ lójú ọ̀nà kan náà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì ní, “Mà, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ jù, kó sì gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n tún ní kí n máa ṣọ́ ibà àti àyà tó ń lù kìkì, torí ojú rírán lè jò. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún aránṣọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ṣúgà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti wálẹ̀, nígbà tí mi ò tíì jò rárá. Oúnjẹ tètè ń dé ìfun báyìí, ìfun sì ń tú họ́mónù míì tó ń jẹ́ GLP-1 jáde, òun ló ń ran insulin lọ́wọ́. Ọ̀nà GLP-1 yìí náà ni abẹ́rẹ́ Ozempic tí ẹ ń gbọ́ ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi ẹran, omi ẹja àti mílíìkì ni. Lẹ́yìn náà ló kan oúnjẹ lílọ̀, ká tó wá dórí èyí tó rọ̀. Ebi ò pa mí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń dín àkàrà ní Agboju, ó ń ta sánsán, àmọ́ inú mi ò dáhùn. Ìṣòro tó wá wà ni pé mo gbọ́dọ̀ jẹ purotéènì tó bíi gíráàmù 60 lójúmọ́ kí iṣan mi má baà bá ọ̀rá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù mẹ́fà lọ. Ẹ̀kọ, tí gbogbo èèyàn ń gbé wá bá mi torí “oúnjẹ aláìsàn” ni, kò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja ló gbà mí. Mi ò sì lè mu omi pẹ̀lú oúnjẹ, ó di lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: malt àti áíískirímù ń ṣàn kọjá, apá aṣọ yẹn ò lè dá wọn dúró. Ọ̀nà tí àwọn míì fi ń sanra padà nìyẹn. Irun mi já ní oṣù kẹrin, ó tún hù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ọmọ tètè ń dúró tí èèyàn bá ti jò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí a má lóyún fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, torí náà ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ìfètò sí ọmọ bíbí kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ara mi ti le. Mò ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Owó fítámì ń ga sí i, mo wá wò ó pé kí ni mo tún ń rà á fún? Mo dá a dúró. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ní Oṣù Kẹjọ 2023, mo ti di kílò 86, àtẹ́lẹsẹ̀ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi bí ẹni tó ń tẹ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó kú. Mò ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mò ń rí. Mo wọn ṣúgà, kò ga. Ó ń rẹ̀ mí, mo lọ ra blood tonic ní Apple Junction fúnra mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, okun padà. Ẹsẹ̀ ń burú sí i.

Nígbà tí mo padà lọ bá dókítà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló tú àṣírí: fítámì B12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ló wà, àmọ́ kò lè dá wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ásíìdì àpòlúkù ló ń tú u sílẹ̀ lára ẹran. Àpòlúkù náà ló tún ń ṣe èròjà tó ń jẹ́ intrinsic factor, èyí tó ń fà á lọ́wọ́ dé ìparí ìfun kékeré kí ara tó gbà á wọlé. Wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú ibi tí méjèèjì ti ń wá. Lóòótọ́, ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 tó lè tóni fún ọdún mélòó kan. Àmọ́ metformin, tí èèyàn bá lò ó pẹ́, kì í jẹ́ kí ìfun gba B12 bó ṣe yẹ. Ọdún méje. Kí n tó dórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni àká mi ti ń gbẹ.

Blood tonic yẹn ńkọ́? B12 ni ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń tọ́jú awọ tó bo iṣan ìmọ̀lára, bíi rọ́bà tó bo wáyà iná. Folic acid tó wà nínú tonic lè bá ẹ̀jẹ̀ ṣe é, kò lè bá wáyà ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dára, rọ́bà ń bó lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó kàn ń wo ojú àtẹ́lẹwọ́ mi á ní ara mi ti yá.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi, ọjọ́ kan sí méjì síra, kó tó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti padà bọ̀ sípò. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ò tíì gbọ́ nǹkan kan, dókítà sì ní ó lè má gbọ́ mọ́. Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n béèrè bóyá mo ṣì ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, “Ó dáa.”

Mo ti kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí àwọn oníbàárà máa wá gba aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ti béèrè ohun tó wà fún. Mo ní iṣẹ́ abẹ sísanra ni mo ṣe, kì í ṣe fibroid.