Ṣé Ká Gba Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò Gbọ́? Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ìjọ àti Àdúgbò

Bí a ṣe ń yí ká ní Ado-Ekiti, lẹ́bàá odò Ajilosun àti láwọn àdúgbò mìíràn, láti pín ẹní àti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: "Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé omi máa ya wọlé. Irọ́ ni." Àwọn mìíràn gbọ́ lórí rédíò pé ìṣàn omi ńlá kan nínú òkun Àtìláńtíìkì lè dáwọ́ dúró, ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rín. A kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí fún títí tí kò rí nǹkan kan kì í yára gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Àmọ́ ibi tí ẹ máa tún ilé yín kọ́ sí wà lọ́wọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

1. "Wọ́n sọ ọ́ léṣìí, kò ṣẹlẹ̀"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni NiMet, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń sọ bí òjò ọdún náà ṣe lè rí. NIHSA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, a sì máa dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu omíyalé ti pọ̀, èyí tó mọ níwọ̀nba, àti èyí tó kéré. Wọn kì í sọ pé omi máa wọ ilé lágbájá lọ́jọ́ báyìí. Bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé bíréèkì ọkọ̀ yín ti ń jẹ tán, tí ẹ wà á dé Ìkẹ́rẹ́ láìsí ewu, ṣé irọ́ ló pa?

Ní ọdún 2022, ìkìlọ̀ ti jáde kí òjò tó le. Nígbà tí omi dé, ó lé ní 600 èèyàn tó kú káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá kúrò nílé. Lókọ́ja tó wà nítòsí wa níbí, omi bo ọ̀nà débi pé àwọn ọkọ̀ agbépo kò lè kọjá.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ìgbà kan wà tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ́fíìsì wa lédè Gẹ̀ẹ́sì, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, a rò pé iṣẹ́ ti parí. A kò túmọ̀ rẹ̀, a kò kà á létí ìjọ. Ìkìlọ̀ tí èèyàn kò gbọ́ yé, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ṣe.

2. "Gọ́tà tó dí ló fà á, kì í ṣe ojú ọjọ́"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní August 31, 1980, omi Ògùnpa kún, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Ìdọ̀tí tó dí odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní August 26, 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà.

Ṣùgbọ́n òjò fúnra rẹ̀ ti ń yí padà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ tó yẹ òjò ọdún 2022 wò rí i pé ayé tó ń gbóná ti sọ irú òjò líle tó rọ̀ nísàlẹ̀ Odò Ọya di ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílọ̀ọ́po méjì. Gọ́tà tó gba òjò ayé àwọn bàbá wa lè má gba ti ìsinsìnyí, àgàgà tí ọ̀rá bá tún dí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ṣe àwáwí fún àìkó gọ́tà, kí a má sì rò pé gọ́tà nìkan ló kù.

3. "Àwọn onímọ̀ gan-an ń bára wọn jiyàn"

Lórí ọ̀rọ̀ òkun yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Omi gbígbóná ń ṣàn lójú Àtìláńtíìkì lọ sí àríwá. Ibẹ̀ ló ti ń tutù, tó ń wúwo, tó ń rì, tó sì ń gba ìsàlẹ̀ padà sí gúúsù. Yìnyín tó ń yọ́ ń da omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀, èyí sì lè mú kí ìṣàn náà rọ. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró. Ní 2021, ìgbìmọ̀ onímọ̀ àgbáyé sọ pé ó máa dín kù, àmọ́ wọn kò retí pé ó máa dá dúró lójijì ṣáájú 2100. Ní 2023, àwọn méjì ní Denmark kọ̀wé pé ó lè jẹ́ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn mìíràn kò sì gbà.

Ìgbà tó lè ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Wọn kò jiyàn pé ayé ń gbóná. Ó sì kàn wá, torí pé atẹ́gùn láti orí òkun yẹn ló ń gbé òjò iṣu àti kòkó wa wá.

4. "Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Nóà"

Ó ṣèlérí pé ìkún omi kò ní pa gbogbo ayé run mọ́. Kò ṣèlérí pé Ajilosun kò ní kún. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 11, Ágábù sọ pé ìyàn ń bọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn kò dúró kó mú kí wọ́n tó dáwó ránṣẹ́ sí Jùdíà. Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ohun tí a lè ṣe

• Kí ẹ tó kun ògiri, ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ ga ju àmì náà lọ. Ẹ má mọ ògiri dí ojú àgbàrá.
• Ẹ kó gọ́tà nígbà tí òjò bá dáwọ́ díẹ̀ ní August, kí ti September tó dé.
• Ẹ di ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àti káàdì ìwòsàn sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sókè.
• Ẹ yan ilé kan ní òkè tí ẹ máa sá lọ, ẹ sì yan ẹni tó máa gbé àwọn àgbàlagbà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìkìlọ̀ wo la gbọ́ kí omi tó dé? Ta ló sọ ọ́ fún wa, lédè wo?
2. Bí ìkìlọ̀ bá jáde tí omi kò sì ya, kí la pàdánù bí a bá ti múra? Bí a kò bá múra tó sì ya ńkọ́?
3. Ta ni nínú àdúgbò wa tí kò lè dá sáré?