Ẹ̀fọ́rí Tí Ó Kọjá Panadol

Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti wá sọ orí fífọ́ di ohun yẹpẹrẹ. Panadol méjì, omi tútù, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. A kò jiyàn pé àìsùn, ebi, òùngbẹ, oòrùn Òkè Ọya àti ibà ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù. Èyí tí a fẹ́ kọ́ ara wa lónìí ni ẹ̀fọ́rí tí ó dé lójijì, tí ó sì le ju gbogbo èyí tí ènìyàn ti ní rí lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀fọ́rí ibà sábà máa ń rọra wọlé ni. Ara á gbóná, oríkèé á máa ro ni. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọmọ odó lu ni nípàkọ́, ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ni ó bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Iṣan lè wú níbi kan bí tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó lẹ́, kí ènìyàn má mọ̀ títí di ọjọ́ tí yóò bẹ́. Kì í ṣe àìsàn arúgbó nìkan. Ẹlòmíràn á bì, á dákú, á sì tún jí sọ pé ó ti lọ. Kò tíì lọ o. Ẹ̀jẹ̀ náà lè tún ya. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ CT scan, èyí tí ń ya àwòrán inú orí, ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni àwòrán náà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn kedere jù. Ẹ má sì fún un ní Alabukun. Àwa náà fẹ́ràn ìyẹ̀fun tí Jacob Odulate ará Abẹ́òkúta fi sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Èkejì ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilé lè má mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n Òkè Ọya tí a ti ń kàwé yìí wà lójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an, láti Senegal títí dé Ethiopia. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹfà, nígbà ọyẹ́ àti ooru, ni ó máa ń jà. Ní 1996, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa àwọn tí ó lé ní 11,000. Láti 2011 ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára fún irú A tí ó jà nígbà náà. Ó dé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2017, ní Zamfara, Sokoto àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, irú C ni. Ó pa àwọn tí ó lé ní 1,100. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ tuntun tí ń dènà irú márùn-ún. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kí ó béèrè ní klínìkì kí ọyẹ́ tó dé.

Àmì rẹ̀: ẹ̀fọ́rí líle, ara gbígbóná, èébì, kí ojú má fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kí ọrùn le gan. Ẹ ní kí ó fi àgbọ̀n kan àyà. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ dìde. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe é, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó ń sùn lọ, ẹ dìde náà. Àtọ̀sán dé òru lè pọ̀ jù fún àrùn yìí. Àwọn tí wọ́n tọ́jú pàápàá, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ń kú, etí àwọn mìíràn sì ń di pátápátá. Ikọ́ àti itọ́ ni ó fi ń ràn, nítorí náà kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá lọ gba oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sílé.

Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì mẹ́ta nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ara wọn kò gbóná, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn síta gbangba, lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn.

Ẹ̀fọ́rí tí ó tẹ̀ lé ìṣubú tàbí ìforígbárí lórí pápá bọ́ọ̀lù, èyí tí ó bá ẹnu tí ó wọ́ tàbí apá tí ó rọ rìn, ti aboyún, ti ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: wọn kò sí fún ìdúró di ọ̀la.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: wọ́n ti ta á lọ́fà láti ilé. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n inú takisí ni kí ẹ ti gbà á. Bí awakọ̀ kò bá gbọ́ èdè wa, «ciwon kai» ni ẹ̀fọ́rí; bí ẹ bá sì dárúkọ sankarau, yóò tẹ iná mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn dá lọ, kí ẹ sì kọ aago tí orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sórí ìwé, nítorí ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì lè má lè dáhùn mọ́ nígbà tí ẹ bá fi máa dé ibẹ̀.