Èéfín àti Ìṣẹ́



Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2018, afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí fa ikú àìtọ́jọ́ bíi 11,200 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ju ìdajì wọn lọ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà, ó sì ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Bí kò bá tún jẹun kánú, òtútù àyà a tètè mú un.

Gbogbo wa là ń gba ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìdímù, ṣùgbọ́n olówó ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pa. Oníbúrẹ́dì ibùdókọ̀ dúró sínú èéfín láàárọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó ń gbé nítòsí ààtàn Solous ní Ìgàndó, bí ààtàn bá ń rú èéfín, yóò ti fèrèsé, ooru yóò sì mú kó tún un ṣí. Ẹ ní kó kó kúrò? Owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dà?

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Èmi kò gbà. Kádàrá kọ́ ló gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé aládùúgbò. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa ènìyàn. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ni kí ẹ gbé e sí. Ọmọ tó bá sì ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de àgbo.