Òdòdó Inú Ọ̀dá: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Orí Pápá Amẹ́ríkà

Bí olùkọ́ bá fi àwòrán pápá Amẹ́ríkà ní àkókò ọ̀dá kọ́ sára ògiri, tí ó sì bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè ohun tí wọ́n rí, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé, "Koríko gbígbẹ ni, sà." Bí olùkọ́ náà bá gba ìdáhùn yìí, tí ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A fẹ́ fi han ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pé ohun alààyè pọ̀ lórí pápá náà ní àkókò tí ojú rò pé gbogbo rẹ̀ ti kú. Àwa tí a ń kọ èyí kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ohun tí àwọn tí ó gbé ibẹ̀ ṣe àkíyèsí rẹ̀ ni a kó jọ.

Ipò Ilẹ̀ Náà

Pápá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní prairie bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù Kánádà, ó sì gba àárín Amẹ́ríkà kọjá títí dé Texas. Ó jọ ọ̀dàn wa ní ti pé koríko ni ó gba ilẹ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò tó nǹkan, yìnyín sì máa ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù wọn. Òkè Rocky wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí òkun Pàsífíìkì bọ̀ a máa sọ omi rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń gun òkè yìí, nítorí náà gbígbẹ ni ó máa ń dé ìhà kejì. Ìdí nìyí tí koríko fi kúrú ní ìwọ̀-oòrùn pápá náà, tí ó sì ń ga sí i bí a ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, títí a ó fi dé ibi tí irú èyí tí à ń pè ní big bluestem lè ga ju àgbàlagbà lọ. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni oòrùn máa ń mú jù. Ní ọdún tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ilẹ̀ a máa sán, ewé a sì máa rọ bí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa.

Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀

John Weaver, olùkọ́ ní Yunifásítì Nebraska, kò fi ojú òkè nìkan wo pápá. Ó gbẹ́ kòtò jíjìn, ó sì fi sùúrù yọ erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò kí ó lè wọ̀n wọ́n. Ó rí i pé gbòǹgbò big bluestem lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, àti pé ti ewéko leadplant lè tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Nígbà tí ọ̀dá ńlá dé ní ọdún 1934, ọ̀pọ̀ koríko tí gbòǹgbò wọn kò jìn kú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òdòdó tí gbòǹgbò wọn jìn là á já, nítorí pé wọn kò gbójú lé òjò ọdún náà nìkan. Omi tí ó ti pẹ́ ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fà mu.

Ọgbọ́n Ewé

Ewéko kan wà tí à ń pè ní compass plant, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ewé rẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń dúró lóòró, etí rẹ̀ kan a kọ sí àríwá, èkejì a kọ sí gúúsù. Oòrùn òwúrọ̀ a máa ràn sí ojú rẹ̀ kan, ti ìrọ̀lẹ́ a sì máa ràn sí ojú kejì, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan kò rí ju etí rẹ̀ lọ. Leadplant, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, fi irun wẹ́wẹ́ bo ewé rẹ̀ tí ó fi dà bí eérú, kí omi inú rẹ̀ má bàa tètè gbẹ. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ náà a máa pa ihò ara rẹ̀ dé ní ọ̀sán, a sì máa ṣí i ní òru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ní ti koríko kúkúrú tí à ń pè ní buffalo grass, sísùn ni ó máa ń sùn: òkè rẹ̀ a gbẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, a tún sọjí.

Àwọn Ẹ̀dá Tí Ń Gbé Ibẹ̀

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù yóò rí butterfly weed, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí labalábá sì ń yí i ká. Láti ìdílé milkweed ni ó ti wá, kò sì sí ewé mìíràn tí ọmọ labalábá monarch ń jẹ nígbà tí ó ṣì jẹ́ kòkòrò afàyàfà. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí à ń pè ní spadefoot ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ilẹ̀, a wọ inú rẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Prairie dog, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́, ń gbẹ́ ihò púpọ̀. Òwìwí kékeré kan a sì máa gbé nínú ihò tí ó bá fi sílẹ̀.

Ohun Tí Àìmọ̀ Bà Jẹ́

Ní ọdún 1837, John Deere ti Illinois ṣe ohun ìtúlẹ̀ onírin dídán tí ó lè la ilẹ̀ líle yìí. Láti ìgbà náà ni a ti ń tú u, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó kù nínú pápá koríko gíga lónìí kò tó ìdá kan nínú ogún. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù wà ní Flint Hills ní Kansas, níbi tí òkúta kò jẹ́ kí ohun ìtúlẹ̀ ráyè. Ọ̀dá ti máa ń dé láti ọjọ́ pípẹ́, koríko sì ń di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti ọdún 1930 sí 1940 dé, ó bá oko tí a ti hú gbòǹgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọdún 1935, eruku ṣú bo ojú ọ̀run ní Oklahoma àti Texas bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti dáàbò bo ilẹ̀.

Olùkọ́ Tí Ó Mọ Pápá

Ó yẹ kí a rántí George Washington Carver, ènìyàn dúdú tí a bí sínú ẹrú ní Missouri. Ní ọdún 1886 ó gba ilẹ̀ ní Ness County, ní apá gbígbẹ Kansas, ó sì fi ilẹ̀ oníkoríko tí a gé bíi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Ó ń kó ewéko jọ níbẹ̀. Nígbà tí ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Simpson ní Iowa ní ọdún 1890, yíya àwòrán ni ó kọ́kọ́ kọ́. Àwòrán yucca àti ọrọ́ tí ó yà sì wà nínú ìfihàn ńlá tí a ṣe ní Chicago ní ọdún 1893. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́ ní Tuskegee láti ọdún 1896 títí ó fi kú ní ọdún 1943. Ní ọdún 1910 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìgbèríko, nípa ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá àti iṣẹ́ ọgbà. Ẹni tí ó ti rí òdòdó nínú ọ̀dá ni ó ń kọ́ wọn.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

Láìpẹ́ a ó rán àwa náà lọ sí ìletò, àwọn òbí yóò sì fà ọmọ lé wa lọ́wọ́. Bí a kò bá lè wo ilẹ̀ gbígbẹ tán dáadáa, a ó wo ọmọ tí kò tètè dáhùn, a ó sì sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kí olúkúlùkù wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní òró àti ní ìbú nínú pápá, kí ó jókòó tì í ní òwúrọ̀ fún wákàtí kan, kí ó sì kọ gbogbo ohun alààyè tí ó bá rí sílẹ̀: èéhù, kòkòrò, òdòdó, àti ipa ẹsẹ̀ ẹranko. Kí ó tún wú ewéko kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi í wé gígùn ohun tí ó wà lókè ilẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ju irú ohun mẹ́wàá lọ, kí ó kọ̀wé sí olóòtú, kí a lè fi tirẹ̀ wé ti àwọn ìyókù.